Norfolk àbí Devon? Bẹ́ ẹ ṣe máa yan ilé ọlidé ńlá fún gbogbo mọ̀lẹ́bí ní abúlé etí òkun

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, tẹ́ ẹ fẹ́ kó mọ̀lẹ́bí jọ sínú ilé ńlá kan fún wíkẹ́ẹ̀ńdì tàbí odindi ọ̀sẹ̀, bóyá torí ọjọ́ìbí màmá ni o, bóyá kí àwọn ọmọ kàn lè mọ àwọn kọ́sìn wọn dáadáa, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Abúlé etí òkun pọ̀ ní England lóòótọ́, àmọ́ ibi méjì ni mo fẹ́ gbé síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ilé tó dáa, tó gbòòrò, tó gba èèyàn 14 sí 20 pọ̀ níbẹ̀: North Norfolk, ìyẹn agbègbè Burnham Market, Wells-next-the-Sea, Holkham àti Blakeney, àti South Hams ní gúúsù Devon, níbi tí Salcombe, Kingsbridge, Thurlestone, Slapton àti Dartmouth wà.

Ẹ jẹ́ n ti sọ ibi tí mo dúró sí. Tó bá jẹ́ London lẹ ti ń bọ̀, tí màmá tàbí bàbá àgbà wà nínú ọkọ̀, tó sì jẹ́ alẹ́ mẹ́ta péré, Norfolk ni kẹ́ ẹ mú. Tẹ́ ẹ bá ní ọjọ́ méje gbáko, tó jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ nínú yín, àwọn tó lè gun òkè, tí wọ́n fẹ́ wọnú òkun lọ bá ìgbì ṣeré, Devon ló máa dùn mọ́ wọn jù. Ṣùgbọ́n èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, inú ilé yẹn lẹ máa pẹ́ sí jù, kì í ṣe etí òkun, torí náà kíṣìn àti yàrá ìsàlẹ̀ fún àgbàlagbà ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó wo hot tub.

Ọ̀nà

Láti London dé Burnham Market tó bíi 125 máìlì, bíi wákàtí mẹ́ta ni tí ọ̀nà bá dáa. Norfolk ò ní mọ́tòwéè kankan o, torí náà apá ìparí ìrìnàjò yẹn máa ń falẹ̀, ẹ lè tò sẹ́yìn tírákítọ̀ fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò sí kọ́nà rẹpẹtẹ tó máa jẹ́ kí ọmọ bì sínú ọkọ̀. Salcombe ní tiẹ̀ tó bíi 220 máìlì, wákàtí mẹ́rin àbọ̀ sí márùn-ún, tó bá wá jẹ́ Sátidé inú oṣù kẹjọ, ẹ fi àkókò kún un dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ilé ọlidé ló ń pààrọ̀ àlejò ní Sátidé, gbogbo èèyàn á wá jọ bọ́ sórí M5 lẹ́ẹ̀kan náà, sún kẹrẹ fà kẹrẹ títí, àwọn tó gba A303 náà á tò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Stonehenge. Ẹ̀yin ará Bristol àti Cardiff, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín, Devon súnmọ́ yín ju Norfolk lọ fíìfíì. Ẹ̀yin Birmingham lẹ wà láàárín, ẹ lè yàn èyí tó bá wù yín.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú irin, láti King's Cross dé King's Lynn ò tó wákàtí méjì, láti Paddington dé Totnes tó bíi mẹ́ta, lẹ́yìn ìyẹn ẹ ṣì máa wá táásì dé abúlé. Èmi ò gba ẹni tó kó kúlà ẹran àti ìkòkò dání nímọ̀ràn ọkọ̀ ojú irin. Mínìbọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ ń háyà, àmọ́ ẹ wo láísẹ́ǹsì ẹni tó máa wà á o: ẹni tó gba láísẹ́ǹsì mọ́tò ní Britain láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1997 síwájú ò ní ẹ̀tọ́ D1 lórí ẹ̀ fúnra ẹ̀, ìyẹn ni pé ọkọ̀ tó gbé ju èrò mẹ́jọ lọ yàtọ̀ sí dírẹ́bà ò sí lára ohun tó lè wà bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n tó ti gbà á ṣáájú ìgbà yẹn ló sábà máa ń ní in, ẹ yáa tètè bẹ ẹ̀gbọ́n yẹn.

Nǹkan kan wà nípa Devon tí àwòrán kì í fi hàn, ìyẹn àwọn ọ̀nà abúlé yẹn. Ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ kan péré lè gbà, tí ilẹ̀ gíga àti ewéko ti ga ní ọ̀tún lósì débi pé ẹ ò ní rí nǹkankan, tẹ́ ẹ bá pàdé ọkọ̀ míì, ẹnì kan nínú yín gbọ́dọ̀ fi rìfáàsì padà sí ibi tí wọ́n fẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí rìfáàsì bá ń bà lẹ́rù, kó má wa mínìbọ́ọ̀sì lọ sí South Hams lálẹ́. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ débẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.

Òkun fúnra ẹ̀

Òkun Norfolk, iyanrìn lọ súà, Holkham gbòòrò gan-an, àwọn ọmọ lè sáré títí kẹ́ ẹ ṣì máa rí wọn níwájú. Ṣùgbọ́n tí omi bá fà, ó máa ń fà lọ jìnnà, ẹ lè rìn títí kẹ́ ẹ tó fẹsẹ̀ kan omi, ìyẹn ò rọrùn fún màmá tí orúnkún ń dùn. Tí omi bá tún ń padà bọ̀, ó máa ń yára, ó lè gba ẹ̀yìn yí èèyàn ká kó sì há wọn mọ́ àárín iyanrìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fun fèrè ìkìlọ̀ ní Wells tí omi bá ti ń kún, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, kí gbogbo èèyàn ṣí padà lójú ẹsẹ̀, ẹ má ní kí ọmọ parí ilé iyanrìn tó ń kọ́.

Ohun míì tẹ́ ẹ ní láti mọ̀ ni pé tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ilé kan ní Blakeney tàbí Cley ń wo òkun, ilẹ̀ irà ló sábà máa ń wò, ewéko àti omi iyọ̀ àti ẹyẹ oríṣiríṣi, òkun gangan wà lẹ́yìn ìyẹn lọ́hùn-ún. Ó rẹwà o, ó rẹwà gidi gan-an láàárọ̀, àmọ́ ẹni tó rò pé òun á jí kóun fi sálúbàtà rìn bọ́ sórí iyanrìn ò ní rí bẹ́ẹ̀, ó máa wọ mọ́tò lọ sí Wells tàbí Holkham. Tó bá jẹ́ pé kí màmá jókòó kó máa wo omi lẹ fẹ́, ẹ gbé e lọ sí Hunstanton tàbí Cromer, ibi tó tẹ́jú tí bẹ́ńṣì wà, Cromer tún ní afárá gígùn (pier) tó wọnú òkun. Hunstanton yàtọ̀ díẹ̀, torí bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá ìlà oòrùn England ló wà, ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí, torí náà ẹ máa rí oòrùn tó ń wọ̀ sínú omi níbẹ̀.

Òkun Devon kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Òkè àti àfonífojì ni, etí òkun sì máa ń wà nísàlẹ̀, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lọ, ẹ máa gùn ún padà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti báàgì lọ́wọ́. Omi ibẹ̀ mọ́, àwọ̀ ẹ̀ dára. Bantham ni àwọn tó ń ṣe surf máa ń lọ, àwọn olùṣọ́ RNLI (ẹgbẹ́ tó ń gba ẹ̀mí là lójú òkun) máa ń wà níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró sí àárín àsíá méjì tí wọ́n bá ta sílẹ̀. Blackpool Sands, nítòsí Dartmouth, dára púpọ̀ (ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, ẹ wò ó dáadáa kó má lọ gbé yín lọ sí Blackpool ti Lancashire), òkúta wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀ o, kì í ṣe iyanrìn múlọ́múlọ́, ẹ mú bàtà omi dání. Fún màmá, Torcross ni mo máa sọ, torí ó tẹ́jú, ẹ lè páàkì nítòsí omi, kẹ́ ẹ jókòó jẹ akàn.

Ní Torcross yẹn kan náà ni ọkọ̀ ogun orí ilẹ̀ (táńkì) dúdú kan wà tí àwọn ọmọ tó ti ń lọ sẹ́kọ́ńdìrì gbọ́dọ̀ rí. Lóṣù kẹrin 1944, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń fi etí òkun Slapton ṣe ìdánrawò fún D-Day, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n máa gúnlẹ̀ sí Faransé láti bá Jámánì jà, wọ́n ti kó gbogbo ará abúlé kúrò níbẹ̀ láti ìparí 1943, ni àwọn ọkọ̀ ojú omi Jámánì bá ká wọn mọ́ lórí omi lóru. Iye tí wọ́n máa ń dárúkọ pé ó kú ni 749. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ken Small ló rí i pé wọ́n fa ọkọ̀ ogun náà jáde látinú òkun ní 1984. Ẹ sọ ìtàn yẹn fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó débẹ̀. Norfolk náà ní ìtàn tiẹ̀, Burnham Thorpe ni wọ́n bí Nelson, gbajúmọ̀ ọ̀gágun orí omi, sí ní 1758, àmọ́ ká sòótọ́, ti Torcross ló máa mú ọmọ dákẹ́.

Tó bá jẹ́ ti ìsìn, Norfolk ló jù ú lọ. Little Walsingham ò jìnnà sí Wells rárá, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣe ìrìnàjò ìgbàgbọ́ láti ayé àtijọ́, wọ́n ní ọdún 1061 ni obìnrin ọlọ́lá kan rí ìran Màríà níbẹ̀, Ọba Henry VIII wó ilé ìsìn náà ní 1538, lóde òní Áńgílíkà ní ojúbọ tiwọn, Kátólíìkì náà ní tiwọn. Màmá tó fẹ́ràn àdúrà máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ní Devon, Buckfast Abbey ló wà, àwọn mọ́ńkì fọwọ́ ara wọn tún un kọ́ láti 1907 títí di 1938, òun náà dára, ẹ lè yà síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé torí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ A38.

Òjò ńkọ́? Apá ìlà oòrùn England wà lára ibi tí òjò ti kéré jù ní Britain, apá Devon ń gbà á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn Norfolk máa ń mú, ẹ kó kóòtù dání, kódà nínú oṣù keje.

Ilé

Ní Norfolk, ilé tẹ́ ẹ máa rí jù ni ilé àlùfáà àtijọ́ tàbí abà tí wọ́n sọ di ilé, tí wọ́n fi akọ òkúta kọ́ ògiri ẹ̀. Abà yẹn ni mo fẹ́ràn fún àwa èèyàn wa, torí gbọ̀ngàn ńlá kan ló máa ń wà láàárín, gbogbo ẹbí lè jókòó sídìí tábìlì kan ṣoṣo, àwọn ọmọ ń ṣeré níbí, àwọn àǹtí ń gbádùn ara wọn lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó dá wà. Ní Devon, ilé olókùúta àti ilé oníkoríko lórí ló pọ̀, ó rẹwà lójú àwòrán, àmọ́ yàrá wọn máa ń kéré, ilẹ̀kùn máa ń lọ sílẹ̀, ẹni tó ga á máa tẹ̀ba. Ilé tí wọ́n fi koríko bo òrùlé ẹ̀ tún ní òfin iná tó le, ẹ má ronú kan suya lórí èédú tàbí nọ́kaòtù nítòsí ẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù náà máa ń kú nínú àwọn àfonífojì Devon, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ látilé kó béèrè bí Wi-Fi ṣe yára tó kó tó sanwó.

Ibi yòówù kó jẹ́, ẹ ka bẹ́ẹ̀dì fúnra yín. Tí wọ́n bá ní ilé gba èèyàn 18, ó lè jẹ́ pé mẹ́fà nínú ẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀dì alájà méjì fún ọmọdé, méjì jẹ́ àga tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ní pálọ̀, kó wá ku mẹ́wàá péré tí àgbà lè sùn sí. Ẹ̀gbọ́n ọmọ ọdún 55 ò lè máa gun àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀dì ọmọdé. Ẹ béèrè bóyá yàrá kan wà nísàlẹ̀ tó ní balùwẹ̀ tiẹ̀, tó tẹ́jú, tí màmá ò ní gbé ẹsẹ̀ sókè wọnú báàtì, tí ò bá sí, ẹ fi ilé yẹn sílẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó. Ẹ béèrè nípa omi gbígbóná náà, torí èèyàn 18 tó fẹ́ wẹ̀ láàárọ̀ Sunday kí wọ́n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, táńkì kékeré kan ò lè gbé e. Ọ̀pọ̀ ilé abúlé sì ń lo sépítíìkì tiwọn, ẹ sọ fún àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń se oúnjẹ pé kí wọ́n má da òróró gbígbóná sínú sínkì, kí wọ́n má sì ju wáìpù ọmọ sí tọ́ọ̀lẹ́ẹ̀tì.

Kíṣìn, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí jù

Àwọn tó ń kọ ìpolówó ilé wọ̀nyí ò se ọbẹ̀ ata fún èèyàn ogún rí, torí náà wọn kì í sọ ohun tẹ́ ẹ nílò láti mọ̀. Àkọ́kọ́, irú kúkà wo ló wà níbẹ̀? Tó bá jẹ́ induction, ìkòkò àlùmíníọ̀mù ńlá tẹ́ ẹ fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù ò ní gbóná lórí ẹ̀, àfi èyí tí irin tí mágínẹ́ẹ̀tì ń gbà bá wà nídìí ẹ̀, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì ara fíríìjì yín, ẹ gbé e sídìí ìkòkò, tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má gbé ìkòkò yẹn lọ. Tó bá jẹ́ Aga ti àtijọ́, ìyẹn kúkà irin ńlá tó máa ń gbóná nígbà gbogbo, èyí tí wọ́n fẹ́ràn láti fi yangàn, iná ẹ̀ kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ lè tàn tàbí kẹ́ ẹ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wù yín, ooru tó ti kó pa mọ́ ló ń lò, tẹ́ ẹ bá ṣí ojú ẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí kan tẹ́ ẹ ń dín ata, ó máa tutù díẹ̀díẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ó dáa gan-an fún ẹran tẹ́ ẹ fẹ́ kó rọ̀ láti òru di àárọ̀, ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi ṣe. Gáàsì tó ní ojú márùn-ún tàbí mẹ́fà ló bá wa mu jù, tí ilé méjì bá sì jọ bá ara wọn dọ́gba nínú gbogbo nǹkan, èyí tó ní gáàsì ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹ̀ẹ̀kejì, èéfín. Áláàmù ilé ńlá máa ń so mọ́ra wọn, tí ọ̀kan bá ké, gbogbo ilé ló máa ké, ọmọ ọwọ́ tó ń sùn lókè á jí, màmá á bẹ̀rù. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ tó ń fa èéfín ń gbé e síta lóòótọ́ ni, torí òmíràn kàn ń yí i po sínú kíṣìn kan náà ni. Ẹ dín ata yín nílé kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ fi í sínú firísà, ẹ kàn máa fi ẹran àti ẹja kún un níbẹ̀ ni.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, epo pupa àti ojú tábìlì funfun. Òkúta mábù funfun àti kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ wàrà ló kún inú àwọn ilé olówó ńlá yìí, epo pupa sì máa ń wọ mábù, kì í jáde. Ẹ mú pátákó ìgé-nǹkan àti aṣọ tábìlì tiyín dání, kẹ́ ẹ lè rí owó dépósítì yín gbà padà.

Ẹ má retí iṣu, èlùbọ́ tàbí ata rodo ní Burnham Market tàbí Salcombe. Rye Lane ní Peckham tàbí Ridley Road ní Dalston lẹ máa ti rà á kẹ́ ẹ tó gbéra, ìyókù, ìyẹn omi, wàrà, búrẹ́dì, ẹyin, ẹ lè rà á ní àwọn súpámáàkẹ́ẹ̀tì tó wà ní Fakenham tàbí Hunstanton fún ti Norfolk, Kingsbridge fún ti Devon. Ṣùgbọ́n ohun òkun ni kẹ́ ẹ rà níbẹ̀! Akàn Cromer kéré, ó dùn, ti Devon tóbi jù ú lọ, àwọn ọkọ̀ apẹja tó ń já a sí Dartmouth àti Salcombe pọ̀. Ẹ fi akàn tútù se ọbẹ̀ ata, kẹ́ ẹ fi gbé iyán tàbí ìrẹsì funfun, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ tún fẹ́ lọ jẹun ní rẹsitọ́ráǹtì.

Owó àti àdéhùn

Ẹ jẹ́ ká ní ilé kan jẹ́ £5,400 fún alẹ́ mẹ́ta, tẹ́ ẹ jẹ́ 18. Orí kọ̀ọ̀kan jẹ́ £300, àmọ́ tí mẹ́fà nínú yín bá jẹ́ ọmọdé tẹ́ ẹ sì fẹ́ kí àgbà nìkan san án, ó di £450. Ẹ fẹnu kò lórí èyí kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, torí ọ̀rọ̀ owó ló ń ba irú ìrìnàjò yìí jẹ́ láàárín ọmọ ìyá. Ọ̀pọ̀ ilé ńlá ló ń gba àlejò ní Friday sí Monday, tàbí Monday sí Friday, tàbí odindi ọ̀sẹ̀, àárín ọ̀sẹ̀ sì sábà máa ń dínwó gan-an. Ẹ tún rántí pé ní England, tẹ́ ẹ bá mú ọmọ kúrò nílé ìwé láìgba àyè, owó ìtanràn tí wọ́n lè ní kẹ́ ẹ san fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kẹjọ 2024 jẹ́ £80 lórí òbí kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá san án láàárín ọjọ́ 21, ó di £160 lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣírò ìyẹn mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó sọ pé ti àsìkò ilé ìwé ló dínwó.

Ẹ má fi tírańsífà sanwó fún ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀. Kírẹ́díìtì kádì ló dáa jù, torí Section 75 nínú òfin Consumer Credit Act 1974 lè jẹ́ kẹ́ ẹ gba owó padà tí ohun tẹ́ ẹ rà bá ju £100 lọ tí kò sì ju £30,000 lọ, ẹni tó ni kádì ló ń dáàbò bò o. Ẹ fi àwòrán ilé yẹn wá orí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ rí i pé kò sí lábẹ́ orúkọ míì. Tó bá jẹ́ ilé tó gba èèyàn 18, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ewu iná tí wọ́n kọ sílẹ̀, òfin iná 2005 ti England mú ilé ọlidé náà, ẹni tó bá fajú ro sí yín torí ìbéèrè yẹn, ẹ wá ilé míì.

Iye èèyàn tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú lọ. Tẹ́ ẹ bá kọ 18, kí àwọn àǹkù wá láti Milton Keynes wá jẹun ọ̀sán kí wọ́n sì lọ, ìyẹn náà ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ àyè. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló kọ̀ kí wọ́n ṣe pátì tàbí kí wọ́n gbé spíkà síta, abúlé dákẹ́, aládùúgbò tó wà ní ojúlé kejì lè jẹ́ àgbàlagbà tó ń gbé ibẹ̀ lọ́dún gbogbo. Tó bá jẹ́ ọ̀wàǹbẹ̀ pẹ̀lú DJ lẹ fẹ́, ẹ wá ilé tó fọwọ́ sí i nínú ìwé àdéhùn, tàbí kẹ́ ẹ háyà gbọ̀ngàn abúlé fún ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ sì padà wá sùn sílé.

Tó bá jẹ́ pé ìgbà òtútù ni ọjọ́ìbí màmá bọ́ sí, Norfolk ni mo tún máa mú, torí láti ìparí oṣù kẹwàá dé oṣù kìíní ni àwọn seal eérú (ẹranko inú òkun kan) máa ń bímọ ní Blakeney Point, ọ̀kan lára ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù ní England, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú omi ní Morston Quay lọ wo àwọn ọmọ wọn funfun lórí iyanrìn. Ìgbà tí omi bá kún ni ọkọ̀ lè jáde, torí náà ẹ wo àtẹ àkókò tí omi máa ń kún kẹ́ ẹ tó búùkì ọjọ́, kẹ́ ẹ sì wọ aṣọ òtútù tó nípọn fún màmá, kẹ́ ẹ gbé tíì gbígbóná dání nínú fláàsìkì.